Kí Ẹ̀jẹ̀ Lè Kọjá: Rírọ̀ Sẹ́ẹ̀lì Pupa àti Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín dá lórí ohun kan tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, bẹ́ẹ̀ a kò sì lè gbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá láyé láìsí i. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn tàbí nílé ẹ̀kọ́, iye rẹ̀ la sábà máa ń bèèrè, tàbí ohun tó gbé: ṣé ẹ̀jẹ̀ tó lára, ṣé ọ́síjìn inú rẹ̀ pọ̀ tó? Àwọn ìbéèrè yẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣẹ́kù tí a kì í bèèrè: ṣé ẹ̀jẹ̀ náà lè kọjá níbi tó yẹ kó kọjá? Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé rírọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì pupa rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì tó gbígbé ọ́síjìn. Bákan náà, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tó ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé wa fínra kò lè yé wa délẹ̀délẹ̀ àfi tí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí àrùn ìṣàn ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní máíkírọ́mítà. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ní ìlera fẹ̀ tó nǹkan bíi máíkírọ́mítà 8, ó nípọn tó nǹkan bíi 2 níbi etí, àárín rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú lójú méjèèjì. Àwọn òpójẹ̀ tíntìntín tó ń fi ọ́síjìn lé ọpọlọ, ọkàn àti ẹran ara lọ́wọ́ kò fẹ̀ ju máíkírọ́mítà 5 sí 10 lọ. Ibì kan tilẹ̀ tún wà tó fún ju ìyẹn lọ: ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà lápá òsì lábẹ́ egungun ìhà, ní àwọn ojú ihò tóóró tí fífẹ̀ wọn kò tó máíkírọ́mítà 2. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì pupa kan fi ń wà láàyè, ní gbogbo àsìkò náà, yóò máa gba àwọn ibi tóóró wọ̀nyí kọjá léraléra, yóò máa para dà nígbà tó bá ń wọlé, yóò sì máa padà sí ìrísí rẹ̀ nígbà tó bá jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ìlú Delft nílẹ̀ Netherlands, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò amúǹkantóbi, ṣàpèjúwe àwọn horo pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ọdún 1674. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé lára ẹni tó bá ní ìlera, àwọn horo náà ní láti rọ̀ gan-an, kí wọ́n lè gùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú òpójẹ̀ tóóró, kí wọ́n sì tún ṣù padà bí wọ́n bá bọ́ sí gbangba. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí òtítọ́ yìí ti wà nílẹ̀.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń ṣe é? Lọ́nà kìíní, kò ní kókó inú tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ní. Ó ti tì í jáde kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Hìmóglóbíìnì, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn, tó pò mọ́ omi ló kún inú rẹ̀, omi kò sì ní ìrísí tirẹ̀. Lọ́nà kejì, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́: ìpele ọ̀rá méjì ló lẹ̀ mọ́ra, tí àwọ̀n purotéènì kan tó ń jẹ́ spectrin sì tẹ́ sábẹ́ wọn, òun ló ń fa sẹ́ẹ̀lì náà padà sí ìrísí àbínibí rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ló ṣe kókó jù: awọ náà pọ̀ ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ó fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ju awọ tí bọ́ọ̀lù tó gba ìwọ̀n omi kan náà nílò. Ẹ wo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì. Èyí tó kún dẹ́mú, bí a bá fẹ́ fà á gba inú ìka méjì tó ká mọ́ra, yóò bẹ́, nítorí ọ̀rá náà kì í fà. Èyí tí omi inú rẹ̀ kò kún, ọ̀rá kan náà ni, ṣùgbọ́n yóò ká, yóò tẹ́, yóò sì kọjá láìbẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni awọ sẹ́ẹ̀lì pupa: bí a bá nà án kọjá nǹkan bí ìdá 3 tàbí 4 nínú 100, yóò ya. Àlékún awọ tó ní ló ń jẹ́ kó lè para dà láìnà. Ìdí nìyí tí sẹ́ẹ̀lì tí àìsàn mú kó ṣù bíi bọ́ọ̀lù fi máa ń há sínú ọlọ inú, bí hìmóglóbíìnì inú rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Bí sẹ́ẹ̀lì yìí bá wà nínú ìṣàn, kì í kàn gbọ́kọ̀ omi bí ẹrù lásán. Ní ọdún 1978, Thomas Fischer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aachen, Jámánì, ròyìn ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì pupa sínú omi tó ki, tí wọ́n sì mú kí omi náà ṣàn kíá. Sẹ́ẹ̀lì náà gùn, ó dagun sí ọ̀nà tí omi ń lọ, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìyí. Awọ rẹ̀ ló ń yí po: ó ń sáré lọ lókè, ó ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, omi inú rẹ̀ náà sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì rírọ̀ tipa bẹ́ẹ̀ gba ipá tí omi fi ń fà á, ó fi awọ ara rẹ̀ gbé e kọjá sí inú. Sẹ́ẹ̀lì tó ti le kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; títàkìtì ni yóò máa tàkìtì nínú omi, tí yóò máa da ọ̀nà rú fún àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Àbùdá mìíràn tún tẹ̀lé èyí. Ohun rírọ̀ tó bá ń ṣàn nítòsí ògiri máa ń sún kúrò lára ògiri náà bọ́ sí àárín, nítorí dídagun tó dagun mú kí omi máa tì í sẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni omi ẹ̀jẹ̀ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì pupa nínú fi ń ṣẹ́kù sí ẹ̀bá ògiri òpójẹ̀, tó ń mú un yọ̀, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ń lọ ní àárín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó le jù wọ́n lọ ni wọ́n ń tì sẹ́bàá ògiri, níbi tí wọ́n ti lè tètè mọ̀ bí kòkòrò bá wọlé tàbí bí ọgbẹ́ bá wà.

Èrè gbogbo èyí hàn nígbà tí a bá wo àpapọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ní ìlera ló jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ìyẹn ni PCV tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò. Bí a bá da horo líle róbóróbó sínú omi títí wọ́n fi gba nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 àyè rẹ̀, kò ní lè ṣàn mọ́, yóò há. Sẹ́ẹ̀lì pupa yàtọ̀: bí a bá kó wọn jọ títí wọ́n fi gba ohun tó lé ní ìdá 90, wọn yóò ṣì máa ṣàn, nítorí olúkúlùkù wọn ń fi ara rẹ̀ gba ìrísí àyè tó ṣẹ́kù. Ní ọdún 1967, Shu Chien àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú New York ṣe ìdánwò tó yanjú ọ̀rọ̀. Wọ́n fi kẹ́míkà mú sẹ́ẹ̀lì pupa le láìyí iye wọn padà. Nínú ìṣàn tó yára, ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rọ̀ tú, ó sì ń lọ geere; èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ le ki, ó sì dúró ní kíki. Iye kan náà, omi kan náà, sẹ́ẹ̀lì kan náà. Rírọ̀ nìkan ni wọ́n yọ kúrò, ìṣàn sì bàjẹ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1931, Robin Fåhraeus àti Torsten Lindqvist ní Sweden ti rí i pé bí òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bá ti dín sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé ó túbọ̀ tú bí òpó náà ṣe ń dín kù. Rírọ̀ tó ń kó sẹ́ẹ̀lì jọ sí àárín ló fà á. Láìsí i, ọkàn ì bá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó kí ẹ̀jẹ̀ tó dé orí ìka.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọdún 1910, James Herrick, oníṣègùn ní Chicago, kọ ìròyìn nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hìmóglóbíìnì irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ni Vernon Ingram ní Cambridge rí i pé ẹyọ kan péré nínú àwọn ègé tí wọ́n fi kọ́ hìmóglóbíìnì náà ló yí padà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí jù lọ ní gbogbo ayé, nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin ló sì jẹ́ AS níbẹ̀, ìyẹn ẹni tó gba jíìnì àrùn náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní etíkun wa gbé jíìnì náà dé Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà. Ohun tí hìmóglóbíìnì tó yí padà yìí, tí à ń pè ní hìmóglóbíìnì S, ń ṣe nìyí: bí ó bá ti fi ọ́síjìn lé ara lọ́wọ́ tán, àwọn ẹyọ rẹ̀ máa ń so mọ́ ara wọn, wọn a di okùn gígùn tó le, sẹ́ẹ̀lì náà a sì gan. Ṣùgbọ́n kì í gan lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò díẹ̀ máa ń kọjá kí okùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ nínú òpójẹ̀ tíntìntín kó tó já sí ojú ọ̀nà ńlá, tó ń padà lọ gba ọ́síjìn ní ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 1987, Andrea Mozzarelli, James Hofrichter àti William Eaton fi hàn pé àsìkò ìdúró yìí ló ń gba ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì là: wọ́n ti kọjá kí okùn tó hù. Eré ìje ni àrùn yìí, láàárín líle àti kíkọjá. Bí ìṣàn bá borí, ọmọ tó ní àrùn náà ń ṣeré. Bí líle bá borí, òpójẹ̀ á dí, ẹ̀yìn ibẹ̀ kò ní rí ọ́síjìn, egungun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ náà.

Ẹnì kan lè sọ pé jíìnì ló fa àrùn yìí, pé kẹ́mísírì ni, kí ni ìṣàn wá ṣe níbẹ̀? Òótọ́ ni pé jíìnì ló fà á, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n jíìnì kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa ọmọ tó jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó gba jíìnì náà láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Jíìnì nìkan kò lè sọ ìdí tí ara fi yá a lánàá tí egungun fi ń ro ó lónìí. Kò sì lè sọ ìdí tí ẹ̀yà ara kan fi ń tètè bàjẹ́ ju òmíràn lọ. Ẹ wo bí ìbàjẹ́ náà ṣe ń tò tẹ̀ léra. Ọlọ inú, tí ojú ihò rẹ̀ fún jù, ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọmọ, kò wúlò mọ́ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ìdí sì nìyí tí kòkòrò tó ń fa òtútù àyà fi máa ń tètè pa wọ́n. Inú lọ́hùn-ún kíndìnrín, níbi tí ọ́síjìn ti kéré, tí iyọ̀ ibẹ̀ sì ń fa omi jáde lára sẹ́ẹ̀lì, tẹ̀ lé e. Kíndìnrín náà kò ní lè dá omi dúró mọ́, ọmọ á máa tọ̀ ṣáá, á sì máa tọ̀ sílé lóru. Inú egungun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ jẹ́jẹ́, ni ìrora ti ń bẹ́ sílẹ̀. Ibi tó fún, ibi tí ìrìn ti falẹ̀, ibi tí ọ́síjìn ti tán: ipa ọ̀nà tí àrùn yìí ń tọ̀ nìyẹn.

Ẹlòmíràn lè mú ẹ̀rí tó le ju ìyẹn lọ wá, ó sì tọ́ ká dá a lóhùn. Àwọn olùwádìí ti rí i pé lára àwọn aláìsàn kan, àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọn rọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ ni egungun tún ń ro lemọ́lemọ́ jù. Bí líle bá ni ọ̀tá, báwo ni ìyẹn ṣe jẹ́? Iṣẹ́ tí Dhananjaya Kaul àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1989 tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Nínú òpójẹ̀ tí wọ́n ń wò ní tààràtà, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó, tí wọ́n ṣì rọ̀, ló kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí awọ sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní àrùn yìí máa ń lẹ̀. Ọ̀nà wá dín kù, ìrìn falẹ̀, àwọn líle tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá há síbẹ̀, ọ̀nà sì dí pátápátá. Lílẹ̀ ló ṣí ìjà, líle ló parí rẹ̀. Ẹ̀rí yìí kò wó ohun tí mò ń sọ. Ó tún un ṣe ni. Rírọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan ní ìyàsọ́tọ̀ kọ́ ló ń gbà wá là, bí kò ṣe rírọ̀ pẹ̀lú àìlẹ̀ àti ìrìn tó yá. Àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà àti inú àwọn òpó kéékèèké ti fi hàn pẹ̀lú pé bí sẹ́ẹ̀lì líle díẹ̀ bá wà láàárín ọ̀pọ̀ rírọ̀, àwọn rírọ̀ yóò gba àárín, wọn yóò sì ti àwọn líle sẹ́bàá ògiri. Nítorí náà, kò dìgbà tí sẹ́ẹ̀lì líle bá pọ̀ kí ògiri òpójẹ̀ tó máa rí wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n tó máa ha á, kí wọ́n sì máa bí i nínú.

Àtakò kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ ilé ìwòsàn dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yìí kò tó, PCV rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 20 sí 30, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó sì tú ju ẹ̀jẹ̀ tó pé lọ. Kí ló wá ń dí? Òótọ́ ni pé ó tú, àìtó náà sì wà lára ohun tó ń ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú bí àwọn oníṣègùn ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára: wọ́n máa ń ṣọ́ra gidigidi kí hìmóglóbíìnì rẹ̀ má baà kọjá gíráàmù 10 nínú dẹ̀sílítà kan nígbà tí sẹ́ẹ̀lì S rẹ̀ ṣì pọ̀, nítorí bí sẹ́ẹ̀lì líle bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọpọlọ sì lè fara gbá a. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ di ewu nígbà tí kò bá lè kọjá. Ẹni tó ń wo iye nìkan yóò rò pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó.

Ibà náà jẹ́rìí sí i. Kòkòrò ibà tó burú jù, Plasmodium falciparum, máa ń mú sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá wọ̀ le bó ti ń dàgbà nínú rẹ̀, ó sì máa ń mú awọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri òpójẹ̀. Nínú ibà líle, àní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò kò wọ̀ pàápàá máa ń pàdánù rírọ̀ wọn. Àrùn méjì tí orísun wọn kò jọra rárá, ọ̀kan látinú jíìnì, èkejì látinú ẹnu ẹ̀fọn, dé ibì kan náà: sẹ́ẹ̀lì le, ó lẹ̀, ọ̀nà dí.

Kí ni ìmọ̀ yìí ń bèèrè lọ́wọ́ wa? Ó kọ́kọ́ ń jẹ́ ká mọ ìdí ìmọ̀ràn tí àwọn òbí ti ń gbọ́ tipẹ́. Bí omi bá dín nínú sẹ́ẹ̀lì, hìmóglóbíìnì S inú rẹ̀ á ki sí i. Bí ó bá sì fi ìdá 5 péré nínú 100 ki sí i, àsìkò tí okùn fi ń dúró kó tó hù lè dín kù sí ìdajì, kó tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀. Omi tí ọmọ SS ń mu ní kíláàsì ń ra àsìkò fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti kọjá, nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe dá a lẹ́kun láti mu ún, kó má sì dá a dúró bó bá fẹ́ lọ tọ̀. Òtútù ń fún òpójẹ̀ pọ̀, ó ń fa ìrìn ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn. Aṣọ òtútù náà oògùn ni. Oògùn hydroxyurea ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà: ó ń mú kí hìmóglóbíìnì ọmọ inú oyún padà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí kì í bá S hun okùn, ìdúró náà a sì gùn sí i. Ìdánwò tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995 fi hàn pé ìrora àwọn àgbàlagbà tó lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì. Ní ọdún 2019, èsì jáde láti Angola, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà náà, tí ibà wọn sì dín kù pẹ̀lú. Kò sí àwáwí mọ́ pé oògùn òyìnbó jìnnà sí wa.

Nítorí náà, mo fi ohun mẹ́ta síwájú àwọn aláṣẹ ìlera wa. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí i, kí ọmọ SS lè bẹ̀rẹ̀ oògùn pẹnisílínì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ọlọ inú rẹ̀ tó kú. Kí hydroxyurea wà ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ní iye tí òbí oníṣẹ́ ọwọ́ lè san. Kí àwọn yunifásítì wa sì jẹ́ kí àwọn onífísíìsì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn oníṣègùn jọ jókòó sídìí tábìlì kan, kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí yóò máa wọn bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ṣe rọ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wọn PCV lónìí. Àwa la ní àwọn aláìsàn yìí jù lọ; kò bójú mu kí àwa máa dúró de ẹlòmíràn kó wá bá wa wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa.